Ibi tí Bọ́tìnnì Ctrl Ṣí Lọ

"Ẹ má wo ojú kọ̀ǹpútà o, Àǹtí Dolores," ni Tammy wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àyà yín á já."

Dolores Pekarek kò rẹ́rìn-ín. Kì í wo ojú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń taìpù fún àwọn lọ́yà ní Cleveland, ìwé tó ń dà kọ ló sì máa ń wò. Ọwọ́ mọ ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wo ìka ara rẹ̀, wọn á ní kò tíì mọ iṣẹ́.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Whitcomb, dúró sẹ́yìn àwọn méjèèjì, ó di aago mú. WordStar ni ètò ìtaìpù tí ọ́fíìsì ń lò láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé. Ní báyìí, àwọn lọ́yà tó wà ní àjà òkè ti bọ́ sórí ètò mìíràn, WordPerfect. Àṣẹ ọ̀gá ni pé kí Dolores fi ti àtijọ́ taìpù ìwé ìhágún olójú-ewé mẹ́ta, kí Tammy fi tuntun taìpù ọ̀kan náà. Èyí tó bá yá jù ni wọn yóò máa lò láti oṣù Kẹrin ọdún 1987 yìí lọ.

"Ètò ni mò ń fi wé ètò," ni ọ̀gá wí. "Mi ò fi èèyàn wé èèyàn."

Bẹ́ẹ̀ ló wí. Ṣùgbọ́n Dolores ti gbọ́ ọ nígbà tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: taípíìsì kan ti tó wa. Ó gbọ́ ọ, ó gbé e mì. Stan ọkọ rẹ̀ ti wà nílé látìgbà tí ilé iṣẹ́ irin ti ti ilẹ̀kùn. Dolores nìkan ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ètò tuntun yẹn ní ìwé atọ́nà tó nípọn bíi bíríkì. Tammy kà á tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Dolores ṣí i lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á dé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kúrò nílé ìwé. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè dà kọ láìṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kó jókòó ka nǹkan, kó sì mọ ohun tí ìwé ní kóun ṣe... Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì ló di ìka rẹ̀ mú, tó fi kọ́ ọ ní WordStar.

"Ó yá!"

Ìka rẹ̀ sáré. Lórí ìlà kejì, àkọlé fẹ́ ìlà nídìí. Ìka ọmọdìnrín òsì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ A, níbi tí Ctrl, bọ́tìnnì àṣẹ, ń gbé, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ P, ó tẹ S, bí WordStar ṣe ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ń gbọ́ Tammy lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń wo páálí aláràbarà tó ń júwe àṣẹ, tí wọ́n tò sórí bọ́tìnnì, tó ń kùn pé, "F8... rárá, Alt... níbo ló wà?" Inú Dolores dùn díẹ̀. Ojú sì tì í.

"Dolores, dúró," ni ọ̀gá wí.

Ó gbójú sókè. PS jókòó gàdàgbà níwájú àkọlé, kò sí ìlà kankan nídìí rẹ̀. Látibẹ̀ lọ, ojú ewé kan àti ààbọ̀, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀.

"Yéè!" ni Tammy pariwo. "Bàbá tó ń hágún yìí ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ o!" Ìgbà tó rí ojú Dolores, ó tẹ̀ síwájú, ó wo kíbọọ̀dù rẹ̀.

Dolores wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ A kì í ṣe Ctrl. Ti lẹ́tà ńlá ni. Ctrl ti ṣí lọ sí igun nísàlẹ̀. Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé kíbọọ̀dù tuntun sórí tábìlì rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó nawọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, tó bá ògiri pàdé.

Tammy náà ti rí i. "Ọ̀gá, wọ́n ti ṣí bọ́tìnnì yẹn nípò! Ẹ̀bi Àǹtí Dolores kọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé kíbọọ̀dù àtijọ́ wá, ká tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dolores?" ni ọ̀gá bi í. " Tí mo bá gbé tàtijọ́ wá, ṣé o lè yá jù ú lọ?"

Ó lè yá jù ú lọ. Ó mọ̀. Tammy kò tíì parí ojú ewé kìíní. WordStar á dúró, òun náà á dúró, ọmọ tó ń gbèjà òun yìí á sì kó ẹrù rẹ̀. Tammy kò gbọ́ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn.

Dolores yíjú sí ọ̀gá.

"Màá yá jù ú lọ, sà. Lónìí." Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà Tammy. "Ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí ló dáa jù. Tó bá ṣí ojú kejì nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, gbogbo àmì àṣẹ tó fara pamọ́ ló ń hàn. Ẹni tó bá ṣi àṣẹ tẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti rí i kíá. Òun ni kí ẹ mú."

"Ṣé wàá lè kọ́ ọ? Ìwé ẹ̀ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ti dé ẹnu rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ nìyẹn.

"Rárá, sà. Tí mo bá ka irú ìwé yẹn, kì í yé mi. Kò yé mi rí. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ hàn mí, ẹ̀ẹ̀kan péré, mi ò ní gbàgbé." Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ fún Tammy ohun tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kó tó tún taìpù ìlà kan sí i."

Tammy yí àga rẹ̀ padà. "Kí lẹ sọ, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Whitcomb gbé aago tó dì mú sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó wá fa àga kan súnmọ́ tábìlì wọn, ó jókòó láti sọ ọ́ fún Tammy. Kò jókòó sí yàrá àwọn taípíìsì rí.