Fèrèsé Kẹrin ní Abúlé Òkúta

Fèrèsé mẹ́ta ti wọlé kí oòrùn tó mú. Mo yọ lúfà àtijọ́, mo gbá ìdọ̀tí ojú ihò dànù, mo gbé férémù alùmíníọ̀mù tuntun sí i, ó sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ sálúbàtà. Ìyá Wonder, ẹlẹ́ja yíyan tó gbé iṣẹ́ náà fún wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹja lọ́wọ́, ó ń wò mí bí ẹni ń wòran.

"Ọmọ alálùmí, o mà mọ̀ ọ́n ṣe o! Èmi rò pé bàbá ẹ ló ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, n kò sọ nǹkan kan. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa dá gbé fèrèsé sí ilé onílé. Ilé ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́wọ́ bàbá mi, ní ṣọ́ọ̀bù wa tó wà láàárín àwọn atẹ̀wé ní Bajulaiye. Láti kékeré ni mo ti ń bá a di téèpù mú, tí mo ń gbọ́ bí òun àti àwọn oníbàárà ṣe ń sọ̀rọ̀ àgbà. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀ níbi tó ti ń gbé gíláàsì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́ títí ọdún yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ta ni bàbá mi máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ náà, bí mo ṣe ń kó férémù sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, ó ní, "Dárasími, bó bá ti le, pè mí. Kíá ni n ó dé."

Mo mọ̀ pé bó bá dé, kò ní jókòó kó máa wò mí. Yóò gbé e ni. Ìbàdí náà yóò sì tún yẹ̀, bóyá lọ́tẹ̀ yìí kò ní bọ̀ sípò mọ́. Mo ti pinnu pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, n kò ní pè é.

Fèrèsé kẹrin wà ní yàrá Bàbá Ọládiméjì, bàbá ọkọ Ìyá Wonder. Apẹja láti etíkun Ìlàjẹ ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. A ti sún ibùsùn rẹ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé, ó wá jókòó sórí àga ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Mo gbé férémù náà sókè. Ó kọ̀. Mo yí i díẹ̀, ó tún kọ̀. Òkè fẹ́ wọlé, ìsàlẹ̀ ò gbà. Mo fa téèpù. Òkè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin géérégé. Ìsàlẹ̀ fi íǹṣì kan dín.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wá wọn ilé náà, mo wọn mẹ́ta yòókù lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, nítorí bàbá mi máa ń sọ pé ògiri ò ní ìbejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá yìí, bàbá wà lórí ibùsùn, ó dijú. Kí n tó lè wọn ìsàlẹ̀, àfi kí n jí i. Ojú tì mí. Mo nawọ́ kọjá lórí rẹ̀, mo wọn òkè nìkan, mo yọ́ jáde. Nígbà tí bàbá mi béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọn gbogbo rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Wonder yọjú. "Kí ló dé? Àbí fèrèsé náà sanra lójú ọ̀nà ni?"

"Ó... ó kù díẹ̀, mà."

"Ó kù díẹ̀ kó wọlé, àbí ó kù díẹ̀ kó fọ́? Wo bí ojú ọ̀run ṣe ṣú! O ti yọ lúfà, ihò ló kù sílẹ̀ yìí. Jọ̀ọ́, pe bàbá ẹ."

Bí mo bá ní kí n gé férémù kù, àfi kí n gé gíláàsì náà, ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo sì ti lè gé e, níṣojú bàbá mi. Bí mo bá sì ní kí n gbẹ́ ògiri, ilé àtijọ́ ni. Ta ló mọ ohun tó máa ya lulẹ̀? Mo mú fóònù mi jáde. Orúkọ bàbá mi ló wà lókè pátápátá. Ìka mi dúró lórí rẹ̀.

Mo wo kọ̀rọ̀. Bàbá Ọládiméjì ń wò mí. Mo fi fóònù sápò, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀bi mi ni. Lọ́jọ́ tí mo wá, n kò wọn ìsàlẹ̀. Ẹ̀ ń sùn, ojú ń tì mí láti jí yín."

Ìyá Wonder pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ yìí mà ní ohùn lẹ́nu!"

"Ta ló ń sùn?" ni bàbá wí. "Mo dijú ni. Mò ń dúró kí o kí mi. O wọlé bí ológbò, o nawọ́ kọjá lórí mi bí ẹni fẹ́ já ọsàn, o tún jáde. Mo ní ọmọ ta ni èyí tí kì í kí èèyàn?"

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ Adéníjì ni mí, ní Bajulaiye; ìbàdí ló ń dùn wọ́n, ni mo fi dá wá. Ẹ kú ìjókòó, sà."

"Ehn, o ti wá kí mi. Ká ní o kí mi lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ti sọ ti pákó fún ẹ."

"Pákó wo, sà?"

Ó na ọ̀pá sí apá ọ̀tún ihò náà. "Òjò ti jẹ ògiri yẹn nísàlẹ̀ kí wọ́n tó bí Wonder. Mo mú pákó ọkọ̀ ojú omi tó ṣẹ́kù, mo kàn án mọ́ ọn, mo rẹ́ sìmẹ́ńtì lé e. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi."

Mo fi òòlù kan ibẹ̀. Kò dún bí ògiri, bí ilẹ̀kùn ló dún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sìmẹ́ńtì náà díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, títí pákó dúdú kan fi yọjú. Mo wọn ìnípọn rẹ̀. Íǹṣì kan.

Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, bàbá dìde fúnra rẹ̀, ó wá di igun férémù mú.

"Bàbá, ẹ jókòó, ẹ ó ṣubú!" ni Ìyá Wonder kígbe.

"Mo di ọkọ̀ mú nínú ìjì, ṣé alùmí ni n ò ní lè dì mú? Ọmọ, ti tìẹ wọlé!"

Mo tì í. Ó wọlé. Mo po sìmẹ́ńtì díẹ̀, mo fi dí ẹ̀gbẹ́ tí pákó ti kúrò, mo lu ihò, mo fi ṣúkúrúù dè é, mo fa sílíkóònù, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, yí i ká. Bí mo ṣe gbé gíláàsì kejì sójú ọ̀nà rẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀.

"Fún Ìyá Wonder ní pákó náà," ni bàbá wí, "kó fi yan ẹja."

"Igi tó ti ń jẹ sìmẹ́ńtì bọ̀ láti ọjọ́ yìí? Kí àwọn oníbàárà mi lè wá fọ́ mi létí!"

Bàbá ń fi ìka kan ti gíláàsì lọ, ó ń fà á bọ̀. "Ìdajì ló máa ń ṣí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nẹ́ẹ̀tì ló wà ní ìdajì náà."

"Kò burú. Ẹ̀fọn náà á mọ̀ pé a ti yí ilé padà."

Fóònù mi dún nígbà náà. Bàbá mi ni. "Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Rárá, sà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé." Mo wá sọ ìyókù fún un: ìsàlẹ̀ tí n kò wọn, irọ́ tí mo pa, pákó, gbogbo rẹ̀.

"Irọ́ yẹn, a ó sọ ọ́ nílé," ni bàbá mi wí. "Ọ̀la o máa lọ wọn ilé kan ní Onípanu. Gbé fóònù fún bàbá náà kí n kí wọn."

Mo gbé e fún Bàbá Ọládiméjì. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀: ẹ kú òjò, ẹ kú ilé, ará ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ìbàdí ńkọ́. Ìyá Wonder gbé ẹja gbígbóná kalẹ̀ síwájú mi. Mo jókòó sí etí ibùsùn, mò ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí sílíkóònù ṣì lẹ̀ mọ́, mò ń dúró kí wọ́n kíra wọn tán.