Ìgò Tìróò Ìyá Àgbà

Oòrùn Lọ́kọ́jà mú lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń bá ènìyàn jà. Màrdíyà sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò Lokongoma, ó wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn tí Bàsítì ti ń tajà. Ẹ̀rín ọmọkùnrin yìí a máa wù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé e wá lónìí. Àyà tún ti di Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, mú láàárọ̀. Ó fi oògùn sábẹ́ ahọ́n bí dókítà ti wí, pàbó ló já sí. Ó jókòó pẹ́ kí àyà náà tó rọlẹ̀. Ó wá ń sọ pé ọkàn òun ti kọjá agbára oògùn, kí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun kò lọ sí ilé ìwòsàn kankan.

“Búọ̀dá Bàsítì, kí ló tilẹ̀ wà nínú oògùn tín-ń-tín yẹn?”

“Afẹ́fẹ́ ló ń dà nínú ara.”

“Afẹ́fẹ́ kẹ̀?”

Bàsítì ṣàlàyé pé ara iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe afẹ́fẹ́ kan, náítíríkì ọ́sáìdì lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń sọ fún iṣan pé kó dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé ọkàn. Bí iṣan bá ti ń gbó, èyí tó ń ṣe a máa dínkù, oògùn ló ń bá a fi kún un. Kì í pẹ́ nínú ara rárá. Bó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tán, ó ti lọ nìyẹn.

Màrdíyà fi ìka lé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ojú kò rí ń ṣílẹ̀kùn nínú òun láti ọjọ́ yìí! Ṣé afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń ṣiṣẹ́ bí Bàsítì bá rẹ́rìn-ín? Kò jẹ́ bèèrè.

Bàsítì ló bèèrè ibi tí Ìyá Àgbà ń tọ́jú oògùn sí.

“Etí ìró rẹ̀ ló ń so ó mọ́. Ìgò oògùn kékeré yẹn wù ú, ó ti da tìróò sí i.”

Bàsítì di orí mú. “Ooru ti lé agbára rẹ̀ lọ. Inú ìgò yẹn nìkan ni oògùn náà lè wà tí kò ní bàjẹ́.”

Ó mú ìgò tuntun, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó tẹ̀ lé Màrdíyà lọ sílé.

Bí Ìyá Àgbà ti dìde láti kí àlejò, àyà tún dì í mú. Bàsítì mú un jókòó, ó fi oògùn kan sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Màrdíyà ń wo ojú ìyá náà láìmí. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ tó fi di àyà mú bọ́ sórí itan.

“Ó ti tú,” ni Ìyá Àgbà wí. “Orí ló wá ń fọ́ mi.”

“Iṣan orí náà ló ṣí, Ìyá Àgbà,” ni Bàsítì dáhùn. “ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn báyìí.”

Ìyá Àgbà nawọ́ gba gèlè rẹ̀. “Ọkàn tó ṣì ń gba oògùn, a ò ní fi í ṣòfò. Ẹ gbé mi lọ.” Ó wo Bàsítì láti òkè délẹ̀, ó wo Màrdíyà tó ti dorí kodò. “Ṣùgbọ́n n kò ní da tìróò mi nù. Ìwọ tó ń wá ọmọ mi, ìwọ ni wàá máa ra ìgò oògùn fún mi láti òní lọ.”