Mo Fi Bíríkì Bo Ẹsẹ̀ Ilé Mi

Ó ṣì ń mì. Mo gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀ lórí tábìlì, omi inú rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Èmi nìkan ni mo rìn o. Mi ò fò, mi ò jó, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, gbogbo ilé gbọ̀n. Jáàkì mẹ́rin ni mo fi gbé e ró, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Mo ti pákó sábẹ́ wọn. Mo tún ti òmíràn. Ó ṣì ń mì... Ilé gidi kì í mì. Ọmọ ọdún mẹ́rin á sáré wọlé, á fò mọ́ àga, ilé á fì, á ní, "Mummy, it's moving" — ó tán. Ó parí nìyẹn.

Aago méjì ni Kánsọ́lá ọmọ mi dá. Aago méjì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá.

Kò tíì pẹ́. Ìsìn àwọn aláṣọ funfun kì í tètè tán. Wọn á ní ó ku ìkéde, ìkéde á di ìwàásù. Wọn á ní ó ku àdúrà ìparí, àdúrà ìparí á bímọ mẹ́ta. Mo mọ̀ wọ́n. Rosaline ìyá rẹ̀ máa ń... Rárá. Kí n fi ti Rosaline sílẹ̀ lónìí.

Tàbí wọ́n pè é síṣẹ́? Nọ́ọ̀sì ni, àìsàn kì í mọ ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ṣebí á pè mí. Mo tún fóònù wò. Kò sí nǹkan kan.

"Daddy, I'm not being funny o." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù nìyẹn, ohùn rẹ̀ tutù bí irin àárọ̀. "Ẹ ní ẹ fẹ́ rí Ẹniolúwa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọmọ mi wá sínú mọ́tò. Tó bá jẹ́ ilé ni, àá wá."

Mo ní ilé ni.

Ó ní, "Táyà ńkọ́?"

Mo ní táyà wo?

Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́, ìdákẹ́ tó máa ń mú kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ó wá ní, "Sunday tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀, two o'clock. Tí mo bá rí táyà, Daddy, àá yí padà láti ẹnu géètì."

Mo ti ń to bíríkì láti ọjọ́ náà. Èmi Mákánjúọlá, tí mo sùn sábẹ́ lọ́rì ní Calais nígbà tí yìnyín ń bọ́, tí mo já èso ní oko olóko ní Kent títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀ — èmi náà ni mo wá ń kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àgbàlá Làtíìfù, tí mò ń po sìmẹ́ǹtì nínú báfù ìwẹ̀ tó ti fọ́. Bíríkì ilé tí wọ́n wó ní àdúgbò Elephant ní London yìí ni. Ọmọlanke ni mo fi kó o dé Peckham, ìgbà mọ́kànlá, mò ń tì í gba Walworth lọ, àwọn ènìyàn ń yà fún mi bí ẹni yà fún wèrè. Mo to ó yí iwájú ká àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, láti ilẹ̀ dé ibi tí ìdí káráfánù, ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú kò lè rí táyà mọ́. Ó rí bí ìpìlẹ̀. Ó rí bí ohun tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún.

Làtíìfù tó ni àgbàlá wá dúró tì mí. Mẹkáníìkì ni, mọ́tò tí ẹni tó ni wọ́n ti gbàgbé ló kún àyíká rẹ̀. Èmi náà wà lára wọn. Ó fi èékánná dúdú họ ikùn. "Bàbá Kánsọ́lá, tẹ́ ẹ bá wé gèlè fún ewúrẹ́, ṣé á di ìyàwó ni?" Mo ní kó lọ wá iṣẹ́ ṣe. Ó ní, "Èmi níṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́lé fún táyà." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì ó já pánù mẹ́fà lórí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó jù wọ́n sílẹ̀ níwájú mi, ó lọ. Ẹnu burúkú, ọwọ́ rere. Òdìkejì rẹ̀ ni mo máa ń pàdé lójú ọ̀nà.

Pánù yẹn... mo kàn wọ́n sórí ilé. Nígbà tí òjò rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó ń ró bí òrùlé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mo ní ilé. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn fẹ́, ilé sì mì.

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Camberwell Green ti kọjá méje. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ibí, wọ́n á mí hòò ní ibùdókọ̀, wọ́n á sọ ènìyàn kalẹ̀. Kò sí ẹni tó yà sí ọ̀nà wa.

Jẹ́ kí n tún pálọ̀ ṣe. Pálọ̀ ni mò ń pè é. Mo ta kọ́tìnì sí àárín kó má baà jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí. Mo fi léèsì bo ẹ̀yìn àga. Mo ra aago ògiri, tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, nítorí ilé tí kò ní aago tó ń dún, ilé ìtura ni. Àwòrán bàbá mi, mo gbé e kọ́ sókè bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nílé wa, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kó lè máa wo àlejò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri káráfánù kì í nàró. Ó tẹ̀ bí inú agbè, ìdí férémù kò kan nǹkan kan. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ báyìí, bàbá mi á máa fì síwá, á máa fì sẹ́yìn, bí ẹni tó ń mi orí. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ó ti já. Ẹ mi orí yín, Bàbá. Ẹ máa mì í.

Ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà dáa. Mo gé ojú lẹ́tà sí i, ihò tí apínlẹ́tà máa ń ti lẹ́tà bọ̀, mo fi irin pẹlẹbẹ bò ó. Làtíìfù ní, "Ta ló ń kọ lẹ́tà sí yín, Ọba ni?" Ó tún ní, "Ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ṣé arárá ni apínlẹ́tà yín?" Mo ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Àmọ́ òótọ́ ni, ó lọ sílẹ̀. Kò ju orúnkún mi lọ púpọ̀. Mi ò wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn. Mo dúró níwájú ẹni tó ń ta á ní Rye Lane, ó ní, "Number wo, Uncle?" Ẹnu mi sáré: méjì àti méje. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ojúlé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní àgbàlá yìí, kò sí méjìdínlọ́gbọ̀n. Kí ló dé tí mo...

Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, àgbààyà. O mọ̀ ọ́n. Ojúlé ìwọ àti Rosaline ní Camberwell ni, àjà kẹta.

Aago mẹ́ta ti lù. Ó ku ẹ̀yìn. Kí n lọ wo ẹ̀yìn. Kí n tó gba àlejò níbikíbi, mo gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn, ojú ọ̀nà ló kọ́ mi.

Ẹ̀yìn ni mi ò to bíríkì sí. Ṣé bíríkì tán ni? Bíríkì ò tán. Ó ku ogójì àti díẹ̀, mo fi tapólì bò wọ́n kí ojú mi má baà rí wọn. Pákó ni mo gbé dí ẹ̀yìn, ìṣó méjì ló dì í mú, mi ò sì gbá wọn wọlé tán. Ọwọ́ lásán lè yọ wọ́n. Nítorí... nítorí ẹni tó ti rìn tó mi kì í sùn síbi tí kò ti lè jáde. Bí nǹkan bá dé — pákó kúrò, jáàkì wálẹ̀, kí n bẹ Làtíìfù kó fi ọkọ̀ rẹ̀ fà mí dé òkè ọ̀nà. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ mo ti lọ. Mò ń kọ́lé níwájú fún ọmọ mi, mo sì ń di ẹrù lẹ́yìn. Mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti to bíríkì àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Tó bá bi mí léèrè, màá sọ pé bíríkì ló tán.

Mo yọ ìṣó. Mo gbé pákó.

Há.

Koríko ti hù láàárín irin táyà. Táyà ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni tí wọ́n pa síbẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi wọlé, rọ́bà ya bí búrẹ́dì ijẹta. Irin rẹ̀ ti dípẹtà mọ́ ìdí. Ìgbà wo? Ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀? Mo ń wo pákó nígbà gbogbo, mi ò wo ẹ̀yìn pákó. Kí n tó gbé pákó síbẹ̀ pàápàá, mi ò wo táyà. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà níbí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sùn bí ẹni tó lè lọ lọ́la.

Kì í ṣe ilé. Kò sì lè rìn. Kí wá ni mò ń gbé inú rẹ̀?

Mo dá pákó padà. Ìṣó náà wọlé tán lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mọ ẹni tí mò ń fi í pamọ́ fún.

Mo yí wá síwájú. Mo lọ sí ẹnu géètì níbi tí Kánsọ́lá máa dúró, mo wò ó bí yóò ṣe wò ó. Bíríkì pupa. Pánù. Kọ́tìnì lójú fèrèsé. Méjì àti méje, wọ́n ń dán. Ó jọ ọ́ o. Láti ibí, Ọlọ́run gbọ́, ó jọ ilé. Mo ń rìn lọ bí àlejò, jẹ́jẹ́, mo dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ mi sì lọ kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ẹnu mi ní:

"Àgò onílé o."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. A kì í já wọlé onílé láìké àgò. Ọ̀rọ̀ yẹn jáde kí n tó lè mú un.

Mo sì dúró. Ohun ìtìjú ibẹ̀ nìyẹn — mo dúró, mò ń retí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, èmi ni onílé, mo dúró kí ẹnìkan dá mi lóhùn. Aago ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Mo wo ojú lẹ́tà. Irin pẹlẹbẹ kò gbéra.

Ti Camberwell máa ń gbéra. Ìka kékeré mẹ́rin á gbé e láti inú, ẹnu á yọ, eyín iwájú kan ti ṣẹ́. Nígbà tí mo ṣì ń wa lọ́rì, ní gbogbo alẹ́ Jímọ̀ tí mo bá dé, màá gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta, màá kan ilẹ̀kùn, màá ní, "Àgò onílé o." "Àgò yà! Bàbá, ẹ wọlé, ẹ bọ́ bàtà!" Kánsọ́lá. Kò tó nǹkan kan. Ojú lẹ́tà ilẹ̀kùn yẹn ló bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba, bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un.

Jímọ̀ kan mo wà ní Rotterdam. Kò sí ìjà. Kò sí obìnrin. Ojú ọ̀nà kàn wà níwájú, mo sì gbà á, mi ò padà sílé. Ọdún méjì kọjá kí n tó pe Rosaline, owó ẹyọ ń bọ́ sínú fóònù, mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí òun sọ ni mo rántí. Kò tilẹ̀ pariwo. "Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gun àtẹ̀gùn ni ọmọ rẹ ń dá lóhùn. Apínlẹ́tà wá, àgò yà. Ẹni tó wá ka iná wá, àgò yà. Mo gbé e kúrò nídìí ilẹ̀kùn títí ó sú mi. Ó dákẹ́ ní oṣù tó kọjá. Má pè wá mọ́, Mákánjú, ó ti dákẹ́."

Táyà ńkọ́, Daddy.

Mo fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ rò pé ohun tí mo fi sílẹ̀ ní Camberwell ni ilé kan, ilẹ̀kùn kan, bẹ́ẹ̀dì kan. Bíríkì pọ̀ ní London. Ilé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbé e ró, ọwọ́ rẹ̀ nìkan, mo sì jẹ́ kó gbé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Aago mẹ́rin kọjá. Kò ní wá mọ́. Tàbí ó ti wá. Tàbí ó ti dúró ní géètì nígbà tí mo wà lẹ́yìn, tí pákó wà lọ́wọ́ mi, ó wò, ó sì yí padà. Mi ò ní mọ̀ láéláé, mi ò sì ní ojú tí mo lè fi bi í.

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo wọlé, mo tì í. Mi ò lọ sí ìdí tábìlì. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún ń ké, títí mo fi jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ojú lẹ́tà wá bá ẹnu mi dọ́gba. Omi inú kọ́ọ̀bù gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó dúró. Bàbá mi dúró lára ògiri.

Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ nínú àgbàlá. Ó wúwo, ó ń wọ́ bàtà. Làtíìfù ni. Mo mọ ìró rẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé Làtíìfù ni.

Mo fi ìka mẹ́rin gbé irin náà.

"Àgò yà," ni mo wí.

Ẹsẹ̀ náà kọjá.