Àpótí Mama Halyna

Orin náà já. Mama Halyna ló ń lé e. Ohùn rẹ̀ gòkè títí ó fi dé ibi tó ga jù nínú orin náà, ó há síbẹ̀, ó sì ṣẹ́. Basement ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Temple ní Calgary ni wọ́n ti ń ṣe rehearsal. Oksana gbé ọ̀pá fayolíìnì rẹ̀ kúrò lórí okùn. Gbogbo àwọn obìnrin Ukraine tó wà nínú ẹgbẹ́ orin náà yíjú sí Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tó wà láàrin wọn, tó dúró sọ́wọ́ ọ̀tún màmá.

Rẹ̀mílẹ́kún ń wolẹ̀.

"Kí ló dé tó o dákẹ́?" Mama Halyna bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ń lé e lọ́wọ́, Mà."

"Èmi tí mo ti ṣubú? O dúró, ò ń wò mí nílẹ̀ẹ́lẹ̀!" Màmá náà fa àga, ó jókòó. "Nínú orin tiwa, bí ẹni tó ń lé e bá há, ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ á gbà á kó tó já. Mo ti sọ ọ́ fún ọ. Ìsàlẹ̀ ni ohùn Oksana mọ. Ìwọ nìkan lo lè dé òkè yẹn. Bí orin yìí bá já lójú èrò lọ́jọ́ Sátidé, a ó tú ẹgbẹ́ ká. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n máa fi àánú pàtẹ́wọ́ fún wa."

Kì í ṣe pé Rẹ̀mílẹ́kún gbàgbé òfin náà. Lábúlé wọn lẹ́bàá Ìkirè, ọmọdé tó bá gba orin mọ́ àgbà lẹ́nu, ìfọ́tí ni wọ́n máa fi bá a sọ̀rọ̀. Bí ohùn àgbà bá há, ńṣe lo máa rọra rẹ tìrẹ sílẹ̀, kó má baà hàn síta. Ohun tó ṣe nìyẹn. Ó rò pé òun ń bu iyì fún màmá ni.

Iyì náà sì tọ́ sí màmá lóòótọ́. Nígbà tó dé Calgary láti Ukraine, ọ́fíìsì ló ń gbálẹ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Bilya Pechi, ìyẹn ni Ẹ̀gbẹ́ Ààrò, torí ẹ̀gbẹ́ ààrò ni wọ́n ti gbọ́ àwọn orin náà lẹ́nu ìyá wọn. Àwọn kan ní ariwo ni wọ́n ń pa. Wọn ò dáhùn. Wọ́n kọrin nílé àwọn arúgbó, wọ́n kọrin níbi ìgbéyàwó, wọ́n kó sínú ọkọ̀ fáànù tí híítà rẹ̀ ti kú, wọ́n la snow kọjá lọ sáwọn ìlú kéékèèké tí oko ọkà yí ká. Àwọn fúnra wọn ló ń wa ọkọ̀, àwọn náà ló ń gbé ẹ̀rọ ìgbóhùn. Ìgbà tó yá, rédíò ń gbé orin wọn, wọ́n ṣe àwo, wọ́n gorí pèpéle ńlá níbi àjọ̀dún orin. Ìgbà yẹn làwọn tó ń pè é láriwo wá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ilé àwọn arúgbó kan tí Rẹ̀mílẹ́kún ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ni Mama Halyna ti pàdé rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ń wẹ bàbá kan, ó sì ń kọrin. Bẹ́ẹ̀ olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní àdúgbò Martindale ti ní kó máa rẹ ohùn sílẹ̀, pé ó ń bo ti àwọn tó kù. Mama Halyna kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ta ló ń pe èèyàn láti oko báyìí?" Ọjọ́ yẹn ló mú un wọ ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn rehearsal tí orin ti já náà, wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún ń wọ bàtà snow rẹ̀ nígbà tó rí Mama Halyna pẹ̀lú àpótí accordion rẹ̀, dùùrù àfọwọ́fà, tó kọjú sí àtẹ̀gùn. Kò ronú rárá. Bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì nílẹ̀, ó sáré débẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ti di àpótí náà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Mo lè gbé e."

"Mo mọ̀ pé ẹ lè gbé e, Mà. Kò lè ṣẹlẹ̀ níṣojú mi ni."

"Tí mo bá ní rárá ńkọ́?"

"Mo ṣì máa gbà á."

Oksana bú sẹ́rìn-ín. Mama Halyna kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ méjèèjì tó di àpótí náà mú.

"Tó o bá jẹ́ kí n gbé e, kí ni wọ́n máa sọ nílé yín?"

"Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Hùn." Màmá jọ̀wọ́ rẹ̀. "Ó wúwo, àbí?"

"Ó wúwo, Mà."

"Orin yẹn wúwo jù ú lọ." Ó yíjú, ó gun àtẹ̀gùn lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Nínú ọkọ̀, Adégbóyèga ọkọ rẹ̀ wò ó. "Ìyàwó Ukraine, ta ló bí ẹ nínú?"

"Mo fẹ́ gba orin lẹ́nu àgbà lọ́jọ́ Sátidé."

"Ní gbangba?"

"Ní gbangba."

"Háà! A dúpẹ́ pé màámi ò sí ní Canada."

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn tó ti ń gbọ́ wọn láti ìgbà ọkọ̀ fáànù yẹn mú ọmọ-ọmọ wọn wá. Mama Halyna dé adé òdòdó, ó gbé àyà sókè, ó lé orin náà bí ẹni pé kò sóhun tó ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ ń gòkè lọ. Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́ bó ṣe fẹ́ há, kí èrò tó gbọ́.

Ó tẹ orúnkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ó gba orin náà, ó sì fi gbogbo ohùn tí wọ́n ti ń ní kó rẹ̀ sílẹ̀ gbé e kọjá.

Mama Halyna mí kanlẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó rọra bọ́ sísàlẹ̀, lọ́dọ̀ Oksana, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é.