Àwọn Àwòdì Tí Kò Rékọjá Òpó Iná

Lójú gbogbo ìjọ, ní ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, Wòlíì Magdalene sọ pé òun rí ẹyẹ méje tí wọ́n ń yí po lókè orí Alàgbà Adégbọlá. Ó ní kí Alàgbà gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, láìfi omi kan ẹnu, kí àwọn ẹyẹ náà lè bá tiwọn lọ. Adégbọlá dìde, ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì tún jókòó. Kò gba ààwẹ̀ kankan. Láti oṣù kọkànlá tí Wúrà, ìyàwó rẹ̀, ti kú, kò tún sí ohun tó fẹ́ bá ọ̀run dúnàádúrà lé lórí.

Ní Ọjọ́rú, ó gun òkè koríko tó wà lẹ́yìn àwọn ilé tuntun Beam Park nílùú òyìnbó, ó gbé àga rẹ̀ kalẹ̀, ó yọ ìwé àti awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ọdún kẹfà rèé tí òun àti Bíọ́dún, tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ, ti ń ka àwọn ẹyẹ apẹranjẹ tí ń gba ibẹ̀ lọ sí àríwá nígbà ìrúwé. Òfin kíkà náà kò ṣòro. Ẹyẹ tó bá rékọjá òpó iná gíga tó wà nísàlẹ̀ òkè ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Èyí tó bá ń yí kiri, tí kò rékọjá, kì í ṣe arìnrìn-àjò. Bí olùkà bá sì kúrò ní àyè rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, wọn a fagi lé gbogbo wákàtí náà. Wọn kò fagi lé wákàtí Adégbọlá rí.

Irú pípa òfin mọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́jọ́ tí Wúrà ṣubú. Ó wà nínú yàrá lókè, ó ń da iye ẹyẹ ọdún náà kọ, nígbà tó gbọ́ tí nǹkan wó nílé ìdáná. Ó ní kí òun parí ojú ìwé yẹn ná. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, omi ti gbẹ tán nínú ìkòkò lórí iná. Bíọ́dún nìkan ló sọ ọ́ fún.

Nígbà tí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pe Bíọ́dún.

"Níbo lo wà?"

"Mo ti wọ inú ọgbà, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà etí kòtò omi ni mò ń gbà bọ̀."

"Ohùn rẹ ń wọ́ bí ti ẹni tó mutí."

"Èmi? Ọtí? Nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́? Ẹ fẹ́ kí Wòlíì rí tèmi náà ni." Bíọ́dún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò gùn. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ wákàtí yín. Mo ti dé tán."

Aago mọ́kànlá lù. Àwòdì méjì rékọjá, lẹ́yìn náà àṣá kan tó ń fò sún mọ́ ilẹ̀. Ó kọ wọ́n. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó rí àwòdì mẹ́fà lápá ibi tí èèsún wà létí kòtò. Wọ́n ń yí po, wọn kò yára, wọn kò sì pariwo. Adégbọlá gbé awò kúrò lára wọn, nítorí wọn kò sí nínú iye. Ó tún wo ojú sánmà lápá gúúsù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nígbà tó tún wẹ̀yìn, wọ́n ti wá sílẹ̀ sí i.

Ó pe Bíọ́dún. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó wo aago: ogún ìṣẹ́jú ló kù kí wákàtí pé. Ó mú bírò. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí òun parí ojú ìwé yìí ná.

Ó gbọ́ ohun tó sọ.

Ó ju ìwé sílẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fi orúnkún tó ń dùn ún sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

Ẹ̀gbẹ́ èèsún ló ti bá Bíọ́dún. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òógùn bò ó bí ẹni tó jáde nínú odò. Adégbọlá pe ọkọ̀ áńbúláǹsì, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ tì í.

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Mo gbà á fún yín." Ahọ́n Bíọ́dún wúwo. "Ààwẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà á."

"Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ ńkọ́?"

"Mo gún un láàárọ̀. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe oúnjẹ."

Adégbọlá fa báàgì rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó ṣí fúláàsì tíì rẹ̀, èyí tó fi ṣúgà mẹ́rin sí. Bíọ́dún rí i, ó pa eyín pọ̀.

"Aago mẹ́ta ni yóò parí, ẹ̀gbọ́n. Wákàtí mẹ́ta ló kù. Bí ẹ bá bà á jẹ́, orí yín ló máa padà sí."

"Mo ti gbọ́," ni Adégbọlá wí.

Ó gbé orí Bíọ́dún lé itan rẹ̀, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú bí a ti ń di ti ọmọdé, ó sì ń fún un ní tíì náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gbé e mì.

Obìnrin tó bá áńbúláǹsì wá sọ pé tíì yẹn ló gbà á là. Wùnmí, ìyàwó Bíọ́dún, sáré dé láti ibi iṣẹ́, òun ló bá a wọ ọkọ̀. Kó tó wọ ọkọ̀, ó di ọwọ́ Adégbọlá mú, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ lọ jókòó, ojú yín ti funfun."

Adégbọlá padà gun òkè lọ kó ẹrù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fagi lé wákàtí náà. Nígbà tó gbójú sókè, kò sí ẹyẹ lórí èèsún mọ́. Orí òkè ni wọ́n wà, wọ́n ń yí po lókè àga rẹ̀. Ó kà wọ́n: mẹ́fà. Ọ̀kan sì ń bọ̀ láti apá odò, kò gba ibòmíràn, ó wá dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ó wo aago. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́ta tí ààwẹ̀ yóò parí kò tíì tó.

Ó jókòó. Ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó sì kọ ọ́ bó ṣe rí i: Méje. Wọn kò rékọjá.