Ọwọ́ Lyle Bessell Nínú Àpò

Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Orúkọ tí ìjà sọ Lyle Bessell kò ṣeé pè níwájú ọmọdé. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́ni ogún ọdún ló ti ń fi àáké gé igi nínú ìdíje káàkiri erékùṣù Tasmania, bó bá sì ti sọ àáké kalẹ̀ tán, ẹ̀ṣẹ́ ló kù. Ó ti lu awakọ̀ ẹrù, ó ti lu ọlọ́pàá tó wọ mùfútì, ó ti lu ẹni tó kàn ní kó má lu ẹnìkan. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún Tamsin, ọmọ-ọmọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá Garth, àbúrò rẹ̀, lágbọ̀n títí egungun fi kán sí méjì. Irin ni àwọn dókítà fi so ó pọ̀. Nítorí kí ni? Nítorí Garth sọ pé sọ́séèjì tí Lyle ń yan ti jóná.

Kerryn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò pariwo lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́fà gbáko ni kò fi ṣí i fún bàbá rẹ̀. Nígbà tó wá pè lórí fóònù nínú oṣù Kẹfà, ohùn rẹ̀ le koko.

"Dádì, Tamsin ń béèrè yín. Màá mú un wá síbi ọdún òtútù ní Launceston bí wọ́n bá ti gba ìsinmi. Ọjọ́ kan péré. Bí ọwọ́ yín bá kan ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ ìgbátí, ẹ ò ní í fojú kàn án mọ́ títí ẹ ó fi kú. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Pé kí n kó ọwọ́ mi sápò."

"Kí ẹ sì ran ẹnu àpò náà pa."

Bẹ́ẹ̀ ni Lyle, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ṣe di ẹni tó ń ti pẹ́ńgúìnì oníke kiri lórí yìnyín láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n ti pa àgọ́ ńlá sí ọgbà ìgbafẹ́ àárín ìlú, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sọ omi di yìnyín lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń di pẹ́ńgúìnì mú kí wọ́n má baà ṣubú. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ mìíràn ń fẹ́ ìfófòó ọṣẹ sókè kó lè dà bíi pé yìnyín ń bọ́ láti ọ̀run. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọṣẹ ni, gbogbo wọn náà ló sì ń lanu sí i.

Tamsin ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́fà díẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí ẹnu rẹ̀ kò ní béèrè.

"Bàbá àgbà, kí ló ṣe etí yín?"

Etí òsì Lyle ti wú láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti ká jọ bí ewé tí iná rà. Ì bá sọ pé òun ṣubú, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ó wo ìta àgọ́, ó rí Kerryn lórí bẹ́ǹṣì níbi tó ti ń fi ife kọfí yá ọwọ́, ó mọ̀ pé kò lè gbọ́ òun. Ó wá wo ojú ọmọ náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, orí rẹ̀ sì wú, àgbà òṣì.

"Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni," ó ní. "Lẹ́yìn ilé ọtí kan ní Queenstown. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ga tó ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Irọ́ lẹ pa! Ẹ wá ṣe é báwo?"

"Orúnkún lo máa kọ́kọ́ lù. Bó ti wù kí èèyàn ga tó, bí orúnkún bá yẹ̀, orí á sọ̀kalẹ̀ wá bá ọ níbi tó o wà. Orí tó bá ti sọ̀kalẹ̀, tìrẹ ni."

Tamsin rẹ́rìn-ín títí pẹ́ńgúìnì fi fẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lyle náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé òtútù kò mú un mọ́.

"Má sọ fún mọ́mì rẹ o."

"Mi ò ní sọ. Orúnkún, lẹ́yìn náà orí. Orúnkún, lẹ́yìn náà orí." Bó ṣe ń ka á nìyẹn títí wọ́n fi bọ́ bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín lẹ́sẹ̀.

Aago méjì ni ìdíje igi gígé. Ìlú ló fi í kún ètò lọ́dún yìí kí àwọn bàbá má baà máa sùn sínú mọ́tò. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Philippa, tó wọ ẹ̀wù òtútù pupa, ti gba gbohùngbohùn, ó ń rán àwọn agégi létí pé ọjọ́ tàwọn ọmọdé ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣépè. Kerryn ní òun ń lọ tò fún ọ̀dùnkún gbígbóná. Ó na ìka sí àpò ẹ̀wù bàbá rẹ̀ kó tó lọ, Lyle sì mi orí pé òun gbọ́.

Láàárín àwọn agégi, o lè yá mọ́tò ẹnìkejì rẹ, o sì lè sùn sílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àáké rẹ̀. Àáké tí Lyle ní, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ẹnu rẹ̀ lè fá irun apá, inú àpótí onígi tí wọ́n fi aṣọ tẹ́ nínú ló sì ń gbé. Nígbà tí Lyle dé ìdí àpótí náà, ó ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ó gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó rí i. Níbi iná tí àwọn ọmọdé ti ń fi igi yan súìtì funfun rírọ̀, Garth ló dúró níbẹ̀ tó ń fi àáké bàbá wọn la igi ìdáná. Ó gbé e sókè, ó là á wọ inú igi títí ó fi kan òkúta abẹ́ rẹ̀. Kán-ín! Ó tún gbé e. Kán-ín!

"Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n!" Ẹnu Garth kì í là tán mọ́ láti ọjọ́ tí àgbọ̀n rẹ̀ ti kán, ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń sọ̀rọ̀. "Iná àwọn ọmọ fẹ́ kú, mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Àbí o fẹ́ nà mí ni? Kerryn ti sọ àdéhùn yín fún mi, òun ló dúró lọ́hùn-ún yẹn o. Juwọ́ sí i."

Àwọn agégi tó kù sún sẹ́yìn, wọ́n fi àyè sílẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. Lyle wo ẹnu àáké náà, ó rí i pé ó ti kán níbi mẹ́ta. Ó fẹ́ pa Garth. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, kì í ṣe pé ó fẹ́ bá a wí, ó fẹ́ pa á ni. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà nínú àpò rẹ̀, ó dì í mú títí eyín rẹ̀ fi wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lára.

"Gbé e kalẹ̀, Garth."

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi sítírọ́ọ̀ mu oúnjẹ! Oṣù mẹ́ta! Ìyàwó mi ń lọ ẹran fún mi bí ẹni ń bọ́ ọmọ tuntun. O ò wá kí mi. Ìwọ náà máa pàdánù nǹkan lónìí."

"O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú," Lyle ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Garth ju ẹ̀ṣẹ́ lọ, torí ẹ̀ṣẹ́ ló wá gbà. Ó sọ àáké náà sínú eérú, ó tutọ́, ó lọ.

Athol Minns ló máa ń ka nọ́ńbà fún wọn, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó rìn lọ sídìí àpótí tirẹ̀, ó ṣí i, ó gbé àáké jáde, ó nà án sí Lyle. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí níbẹ̀.

"Mi ò yá ẹnì kankan rí," bàbá náà ní. "Má jẹ́ kí n kábàámọ̀ o."

Wọ́n gun orí ìtì igi wọn, kálukú pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi irin hun, torí àárín ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá máa gé. Bí agégi bá ṣe lágbára tó ni nọ́ńbà tí yóò dúró dè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ṣe máa ń pẹ́ tó. Ogbó ti mú kí wọ́n fún Lyle ní mẹ́ta. Garth, tóun náà jẹ́ agégi, ń dúró de méjìlá.

"Ení! Èjì! Ẹ̀ta!"

Lyle sọ̀kalẹ̀ lórí igi náà tìbínú tìbínú. Ojú Garth ló ń rí lábẹ́ àáké, ó sì ń gé e. Ẹ̀là igi ń fò, òógùn ń wọ ojú rẹ̀, apá rẹ̀ ń ké. Ó gbọ́ "Èjìlá!", ó gbọ́ àáké Garth tó wọ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yára ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Kò wojú ẹnikẹ́ni. Ìtì igi rẹ̀ pín sí méjì nígbà tó ku kí Garth fi àáké gé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Àwọn ọmọdé ya wọ àárín láti ṣa ẹ̀là igi, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Tamsin ṣa èyí tó tóbi jù, ó tó ẹ̀là iṣu tí àgbàlagbà jẹ yó. Lyle dá àáké padà fún Athol, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ padà sápò.

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bá a lẹ́nu. Kò rí ibi tí Garth ti yọ. Èkejì bá a lójú, ẹ̀kẹta wọ̀ ọ́ nínú, ó sì pọ ọtí àárọ̀ sílẹ̀.

"Nà mí!" Garth ń ké. "Kí ló dé tó ò nà mí, ọ̀dájú? Yọ ọwọ́ rẹ! Yọ ọ́!"

Ó tún gbá a létí tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Lyle ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò, kò sí ohun tó fi gba ara rẹ̀ dúró, ojú ló fi kanlẹ̀. Garth fi bàtà ta á níhà, Lyle sì gbọ́ nígbà tí egungun ìhà rẹ̀ dá. Àwọn agégi dì mọ́ Garth, ó gbọ̀n wọ́n dànù. Philippa ń bẹ̀bẹ̀ nínú gbohùngbohùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọdé wà níbí." Kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ ọṣẹ, ó ń da ìfófòó lé wọn lórí.

Ẹ gbà mí gbọ́, inú Lyle dùn nílẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ojú kan tó kù rí Kerryn tó ń sáré bọ̀. Ọwọ́ òun ṣì wà nínú àpò. Òun ti yege.

Nǹkan kékeré kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ẹ̀là igi náà fọ́ Garth lórúnkún, gbàù! Garth lọgun, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, orí rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀. Tamsin dúró dè é. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló dúró, bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Nígbà tí orí náà dé ibi tó fẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi, ó là á mọ́ àgbọ̀n tí wọ́n fi irin so. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, eyín kan sì bá a jáde. Garth na gbalaja, ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó ń ké wíìwíì. Ọmọ náà tún ti gbé igi sókè kí ìyá rẹ̀ tó já a gbà.

"Tamsin! Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"

Tamsin wo bàbá àgbà, ó pa ẹnu rẹ̀ dé gbọn-in. "Kò sẹ́nì kankan."

Kerryn kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú bàbá náà. "Dádì, mo rí yín. Mo rí i pé ẹ ò gbé ọwọ́ sókè rárá. Ẹ máa wá sílé. Lọ́la gan-an, ẹ máa wá sílé."

Ọ̀rọ̀ tí Lyle ti ń retí fún ọdún mẹ́fà nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ó ti rí i gbà. Ó wo ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ètè rẹ̀ sì ń lọ wúyẹ́wúyẹ́: orúnkún, lẹ́yìn náà orí.

"Èmi ni," ó ní.

Ọwọ́ Kerryn dúró. "Ẹ ní kí ni?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Lórí yìnyín, ní àárọ̀ yìí. Mo ní kó má sọ fún ẹ."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Kerryn dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tamsin ló yí orí padà.

"Bàbá àgbà! Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Lyle yọ ọwọ́ méjèèjì kúrò nínú àpò. Ó fi orúnkún wọ́ lọ bá àbúrò rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sì di àgbọ̀n náà mú kó má baà mì. Garth kò ní agbára láti tì í dànù.

"Rárá, ọmọ mi," ó ní. "O ò ṣe é dáadáa. Èmi náà ò ṣe é dáadáa rí."

Tamsin bú sẹ́kún. Kerryn kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó dúró.