Òkúta Orí Sàréè Nílẹ̀ Àwọn Xhosa

Làmídì, alábàárù ẹgbẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ẹrù tí n kì í gbé. Lójú àlá àná, mo wà ní abúlé àwọn Xhosa kan ní Gúúsù Áfíríkà, mò ń ru òkúta fún àwọn sójà òyìnbó tó gba ilẹ̀ wọn, wọ́n fẹ́ fi òkúta náà kọ́ bárékè. Òkúta fúyẹ́ bí òwú, òyìnbó ń pàtẹ́wọ́, orí mi ń wú. Ni ìyá arúgbó kan bá dá mi dúró: "Ọmọ mi, inú ọgbà màlúù la máa ń sin baálé wa sí. Orí sàréè ọkọ mi lo ti ṣa òkúta yẹn. Jọ̀ọ́, dá a padà."

O mọ ohun tí mo ṣe? Ojú òyìnbó ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá á gbà. Mo jí, ìyàwó mi kí mi, mi ò lè gbójú sókè.